Ẹ Sọ Iye Tó Jẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Wá Ìbò Kiri

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, nìyí, fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa bá olùdíje wọn wọ ilé dé ilé. Mo ti yọ ìkíni gígùn àti àwàdà inú gbọ̀ngàn kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún ibi tí àwọn ará ti fi ìbéèrè há mi mọ́.

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá.

Àwọn ọmọ tó ń bá ni tajà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń kọ́ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Aṣọ ni èmi fúnra mi fi bẹ̀rẹ̀, lọ́jà Ouando. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ yí ọkàn olùdìbò padà, ẹnì kan nínú ẹbí mi bi mí pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ kó o wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ta ìlú ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó mọ ọjà tà ni ẹni tó mọ irọ́ pa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn.

Irọ́ ń ta ọjà. Mi ò ní tàn yín pé kì í tà á. Ẹni tó ń ta oògùn nínú mọ́tò láti Kùtọnu lọ sí Paràkú lè sọ pé ìgò kan ṣoṣo ló wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà àti àìrọ́mọbí, kó gbowó, kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Bohicon. Òun àtìwọ parí síbẹ̀ nìyẹn. Ìyá tó ti ń ta gàrí lójú kan náà lọ́jà Kétu láti ogún ọdún kò lè dán irú ẹ̀ wò. Ẹ wo bó ṣe ń wọn gàrí: á kọ́kọ́ dojú tongolo dé, kó o lè rí i pé wọn ò lu ìdí ẹ̀ wọnú, á bù ú títí á fi ga ṣóńṣó, kò ní fọwọ́ gbá orí ẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà lá wá bu ènì lé e. Bí gàrí ọjọ́ náà ò bá yan dáadáa, òun fúnra ẹ̀ lá sọ fún ẹ: "Eléyìí ò gbẹ tó o. Tó o bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀ pẹ́, mú ti ẹ̀gbẹ́ yìí." Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹni mímọ́. Ó fẹ́ kó o padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni, kó o sì mú àbúrò ẹ dání.

Ìṣe ẹni tó ń ta oògùn nínú mọ́tò ni olóṣèlú wa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ìdí ìsọ̀ onígàrí ló jókòó sí. Kétu ló ń gbé. Ọmọ ẹ̀ àti ọmọ ẹni tó dìbò fún un jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí ìlérí bá bàjẹ́, kò sí Bohicon tó fẹ́ sọ̀ sí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tuntun tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni ẹnu ẹ̀. Ọmọ tó lẹ́nu lójú pópó kì í mọ̀ pé ẹnu yẹn ló ń lé oníbàárà. Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó ń jẹ́ Neil Rackham. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi bí ọdún méjìlá tẹ̀ lé àwọn olùtajà kiri, wọ́n sì jókòó ti ìdúnàádúrà tó tó 35,000. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé níbi tí ọjà ti tà, oníbàárà ló ń sọ̀rọ̀ jù, ìbéèrè ni iṣẹ́ olùtajà. Wọ́n tún rí nǹkan kejì. Ọgbọ́n ká fi ọ̀rọ̀ há èèyàn mọ́ kó lè tètè sanwó, irú "ẹyọ kan ló kù o", "tí ẹ bá kúrò níbí, á ti gbówó lórí", ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọjà pẹ́pẹ̀pẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjà ńlá, tí èèyàn ní láti lọ ronú, kó bá ọkọ tàbí aya sọ ọ́, ṣe ni fífi ipá há a mọ́ ń lé e lọ. Ẹ wá sọ fún mi, ìbò tí wọ́n máa fi ìlú lé ẹnì kan lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣé ọjà pẹ́pẹ̀pẹ́ nìyẹn?

Mo pe ọmọkùnrin kan àti ìyá ẹlẹ́kọ kan jáde láàárín gbọ̀ngàn, mo ní kí wọ́n ṣe é ká rí i. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀: "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Olùdíje wa máa ṣe ọ̀nà, á gbé iná wá, á fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, á kọ́ ilé ìwòsàn..." Ìyá náà ti ń wo òkè àjà. Mo ní kó tún un bẹ̀rẹ̀, kó má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ìyá, ẹ kú ọjà."

"Ẹ̀ẹ́n, ọmọ mi, o kú ìrìn."

"Ìyá, kí ló ń yọ yín lẹ́nu jù lọ́jà yìí?"

"Òjò ni. Tó bá ti rọ̀, ẹrẹ̀ á gba gbogbo ìdí ìsọ̀ mi."

"Kí lẹ máa ń wá ṣe sí i?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Màá kó ẹrù bọ́ sétí títì, àwọn ọlọ́kadà zẹ́mìjàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi lulẹ̀."

"Ẹ ṣì ń tà níbẹ̀?"

"Tà kẹ̀? Ìdajì igbá ẹ̀kọ ni mò ń gbé padà sílé. Ó ti bà á jẹ́ fún mi ná."

Ìbéèrè mẹ́ta péré. Kò wo òkè àjà mọ́, ọmọkùnrin náà sì ti mọ̀ pé kò yẹ kí òun tún mẹ́nu kan iná. Ìyá náà ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí ẹrẹ̀ ń jẹ lára ẹ̀, a ò sì lè rí ẹlòmíì tó máa sọ ọ́ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń le nìyí. Lẹ́yìn tó o bá ti gbọ́, ohun tó wà ní ìsọ̀ ẹ nìkan ni kó o tà. Ẹ rántí 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ, tí kò ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Nílùú tó bá Nàìjíríà pààlà bíi tiwa, ta ni ò mọ ohun tí ìyẹn fojú ọlọ́jà rí? Ká ní ẹni tó ń wá ipò ìgbìmọ̀ ìlú ló wá sọ pé òun máa ṣí bodè. Kọ́kọ́rọ́ bodè ò sí ní mairie Kétu, ìyẹn ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú. Àbújá àti Kùtọnu ló wà. Láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ dìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní ìparí 2002, kọ́múùnù 77, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tó wà ní Benin ní ohun tí òfin fi lé wọn lọ́wọ́: ọjà, ọ̀nà oko, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdọ̀tí ìlú, ìwé ìbí. Kò kéré o. Bí ẹnì kan bá bi ẹ́ nípa bodè, ohun tí ọlọ́jà gidi máa ń sọ ni kó o sọ: "Mi ò ní in, lọ́dọ̀ ẹni báyìí lẹ ti máa rí i." Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọmọ mi láti sọ gbólóhùn yìí, títí wọ́n á fi rí i pé oníbàárà náà á dúró ra nǹkan mìíràn lọ́wọ́ wọn.

Iye owó ló wá kàn, òun sì ni ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí gan-an. Mi ò tíì rí ọjà tí wọn kì í dárúkọ iye ẹ̀ bíi ti òṣèlú. Gbogbo ẹ̀ ló dà bí ọ̀fẹ́: ọ̀nà ọ̀fẹ́, omi ọ̀fẹ́, gọ́tà ọ̀fẹ́. Olùdìbò kì í ṣe òpònú, ó mọ̀ pé ẹnì kan máa san án, ó sì máa ń ronú pé òun náà ni. Torí náà ẹ dárúkọ ẹ̀ kó tó ronú kàn án. Ká ní gọ́tà ọjà ni olùdíje yín fẹ́ ṣe, kí tíkẹ́ẹ̀tì ọjà sì kúrò ní 100 fàráǹkì bọ́ sí 150. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá ẹlẹ́kọ náà báyìí: "Ìyá, 50 fàráǹkì ló máa lé. Lọ́jọ́ ọjà mẹ́wàá, 500 ni. Iṣẹ́ náà ò ní parí kí òjò ọdún yìí tó dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlà kejì sì máa ṣípò fún ìgbà díẹ̀." Kó wá fúnra ẹ̀ gbé 500 yẹn ka iwájú ìdajì igbá ẹ̀kọ tó ń gbé padà sílé. Ó lè ní òun ò rà á. Ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Àmọ́ bó bá rà á, kò sí alátakò tó lè wá fi tíkẹ́ẹ̀tì dẹ́rù bà á lẹ́yìn ẹ, torí ẹnu ẹ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Níbí ni bàbá kan ti dìde, ó ní: "Gbogbo ohun tó o sọ dára, ṣùgbọ́n owó àti ìrẹsì làwọn èèyàn wa ń wò." Mi ò bá a jiyàn, torí ẹ̀rí wà lẹ́yìn ẹ̀, láti orílẹ̀-èdè wa níbí pàápàá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Léonard Wantchekon, ọmọ Benin, bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe àdéhùn nígbà ìdìbò ààrẹ ọdún 2001. Ní àwọn abúlé kan tí wọ́n ṣẹ́ kèké mú, àǹfààní tó máa kan abúlé yẹn tàbí ẹ̀yà yẹn nìkan ni wọ́n fi wá ìbò. Ní àwọn mìíràn, ètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan ni wọ́n sọ. Ní ìyókù, wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìlérí "tiyín ni, tiyín nìkan ni" ló pa ìbò jù, pàápàá fún ẹni tó wà lórí oyè. Àwọn obìnrin fetí sí ètò gbogboògbò ju àwọn ọkùnrin lọ. Àwọn ìyá inú gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ níbẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n pa á dáadáa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò dúró síbẹ̀. Ní ìdìbò 2006, ní àwọn abúlé kan, ìpàdé ni wọ́n fi rọ́pò ìpolongo. Kò sówó, kò sí ẹ̀bùn. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣàlàyé ètò olùdíje, àwọn ará ìlú jiyàn lé e lórí. Òun àti Thomas Fujiwara ló kọ èsì ẹ̀ jáde ní 2013: ọ̀rọ̀ fífi nǹkan ra ìbò dín kù níbẹ̀, ẹni tó sì rò pé òun ló ni abúlé náà pàdánù ìbò díẹ̀ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, owó ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó sọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. A kàn ti dán ọ̀kan wò ju èkejì lọ ni. Ẹ má sì gbàgbé pé òfin ìdìbò wa lòdì sí aṣọ àti tísáàtì tí wọ́n fi àwòrán olùdíje sí tí wọ́n ń pín. Ènì máa ń tẹ̀ lé ọjà tí a ti wọ̀n lójú gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi dí ẹ lẹ́nu, tí o ò tíì rí òṣùwọ̀n, kì í ṣe ènì.

Ẹ má sì retí iṣẹ́ ìyanu. Ní Amẹ́ríkà, Joshua Kalla àti David Broockman kó ìdánwò 49 jọ lórí ìpolongo nígbà ìdìbò gbogboògbò, wọ́n rí i pé tí a bá pín in dọ́gba, ohun tí lẹ́tà, fóònù, ìpolówó àti ilẹ̀kùn kíkàn yí padà lọ́kàn olùdìbò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Àwọn méjèèjì yìí kan náà ló tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde ní 2016, láti Miami, níbi tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti dín ẹ̀tanú kù, tí ipa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà kò sì tíì tán lára àwọn onílé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn tó lọ síbẹ̀ kò lọ wàásù. Wọ́n ní kí onílé sọ ìgbà kan tí wọ́n ti fojú burúkú wo òun náà, wọ́n sì gbọ́ ọ tán. Ilé mẹ́wàá lóòjọ́ báyìí dára ju ìwé ìpolongo ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n máa fi pọ́n àkàrà.

Ẹni tó bá ní òun ò dìbò fún yín, ẹ kí i, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Ẹ má bú u, ẹ má sọ pé wọ́n ti rà á. Ní 1991, Mathieu Kérékou, tó ti wà lórí àlééfà láti 1972, gbé ara ẹ̀ wá síwájú wa, a sọ pé a ò rà, a mú Nicéphore Soglo. Ó gbà, ó kó ẹrù ẹ̀. Ní 1996, àwa kan náà tún fi ìbò pè é padà. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló fà á. Owó sẹ́fà tí wọ́n gé sí méjì ní oṣù kìíní 1994 tó ẹjọ́ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ọlọ́jà, mo rò pé bí ọkùnrin náà bá fi ìjà kúrò lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, kò ní rí ìsọ̀ tó máa padà sí.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá láti ẹnu ọmọbìnrin kan tó ti ń bá ẹgbẹ́ kan rìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí ohun tí wọ́n ní kí n tà ò bá wá dá èmi fúnra mi lójú mọ́ ńkọ́?" Mo ní, má tà á. A máa ń dá aṣọ tó bá ń ṣí padà fún alágbàtà lọ́jà, kì í ṣe oníbàárà la máa ń dì í fún. Kọ ìbéèrè tí àwọn ìyá ọlọ́jà bi ẹ́ tí o ò rí èsì fún sílẹ̀, gbé e lọ bá àwọn olórí ẹgbẹ́ ní kọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fún ẹ lésì tó o lè gbé dé ìdí ìsọ̀, padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí wọn ò bá fún ẹ, dá káàdì wọn padà fún wọn. Ó wá bi mí bóyá wọ́n á ṣì san owó zẹ́mìjàn tó ti ná láti oṣù tó kọjá. Mo ní kó gba ìyẹn ná, kó tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.