Wáàsí Jímọ̀: Ìròyìn tí ojú ewé rẹ̀ kò pé

As-salaamu alaykum warahmatullahi wabarakaatuh. Ẹ̀yin ará mi, Jímọ̀ tún ti dé o. Kí Ọlọ́hun gbà á ní ìjọsìn.

Súrà Nísáì, áyà 83, ló gbà mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí. Ọlọ́hun ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn kan níbẹ̀, tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ ìfọ̀kànbalẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù bá ti dé etí wọn, wọ́n á ti tú u ká. Ó ní ká ní wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ àti àwọn aláṣẹ láàárín wọn ni, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ ì bá ti mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá kan wà tó ń pàtẹ ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Takie, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé àlòkù ló pọ̀ jù lórí àtẹ rẹ̀: èyí tí àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH ti lò tán, Yaasi, káídà àwọn ọmọ iléekéwú, àti èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá kó wá láti sẹ́mínárì àwọn Onítẹ̀bọmi, tó ti wà láti ọdún 1898. Ó ń ta ìwé ìròyìn náà, òkúta kọ̀ọ̀kan lórí wọn kí atẹ́gùn má gbé wọn lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn tó ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ á ti yí i ká. Wọn kì í ṣí inú rẹ̀. Àkọlé iwájú nìkan ni wọ́n ń kà, àríyànjiyàn á sì bẹ̀rẹ̀ lórí owó epo, dọ́là, àwọn ajínigbé àti ìbò tó ń bọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ohun tí ẹnì kan kàn rò níbẹ̀ á ti di ìròyìn lórí fóònù gbogbo wa.

Bàbá kì í bá wọn dá sí i. Bí wọ́n bá gbé ìwé àlòkù wá fún un, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, yóò máa ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, yóò máa wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ewé bóyá ó tò tẹ̀ léra. Ìṣojú mi ni ọmọbìnrin kan ṣe fẹ́ ra ìwé báọ́lọ́jì, owó ti wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ojú ewé 113 dé 116 ò sí nínú èyí o. Tóo bá ṣì fẹ́ ẹ, màá dín owó ẹ̀ kù." Hákíímù ọmọ Hisámù gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pé bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá sọ òótọ́, tí wọ́n sì fi àlébù ọjà hàn, wọn á rí bùkún nínú òwò wọn; bí wọ́n bá parọ́ tí wọ́n sì fi í pamọ́, bùkún òwò náà á parẹ́. Inú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim ni hádíìsì yìí wà.

Kí ló wá dé tí àwa kì í ka ojú ewé ìròyìn kí a tó gbé e fún ẹlòmíràn?

Hádíìsì ni Bàbá máa ń kà bí ọjà bá dẹ̀. Ìgbà tí mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ìtàn Úmárù, Sàhábà Ànábì, ló wà níwájú rẹ̀, a sì jọ sọ ọ́ títí ìrun Asírì fi tó. Úmárù ní aládùúgbò kan nínú àwọn Ansọ́rù, ìyẹn àwọn ará Mẹ̀dínà tó gba Ànábì, àwọn méjèèjì ń gba ara wọn lọ́dọ̀ Ànábì. Bí ọ̀kan bá lọ lónìí, èkejì á lọ lọ́la, ẹni tó lọ á sì wá ròyìn. Lóru ọjọ́ kan, aládùúgbò yìí lu ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà. Úmárù ní ṣé àwọn ọmọ ogun Gasánù, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò gbógun tì wọ́n, ló dé ni? Ó ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, Ànábì ti kọ àwọn ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Úmárù dé mọ́ṣáláṣí, àwọn èèyàn dorí kodò, wọ́n ń fi òkúta wẹ́wẹ́ gún ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu wọn. Úmárù ò bá wọn sọ ọ́. Ó gba ọ̀dọ̀ Ànábì lọ nínú yàrá òkè, ó tọrọ ààyè títí wọ́n fi gbà á wọlé, ó sì béèrè lójúkojú: "Ìwọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ṣé o kọ àwọn ìyàwó rẹ ni?" Ànábì ní, "Rárá." Ńṣe ló búra pé òun ò ní súnmọ́ wọn fún oṣù kan. Úmárù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó ké e sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aládùúgbò yẹn dáadáa. Sàhábà ni, kì í ṣe òpùrọ́, kò sì ní in lọ́kàn láti da ìlú rú. Ohun tó gbọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé, "Alfa, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kì í parọ́."

Ṣé ẹ rántí oṣù Ògọọsì ọdún 2014, tí àrùn Ebola wà ní Nàìjíríà? Àwọn èèyàn pe ara wọn lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún kílẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má baà mú wa. Ìyá ló ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Ebola fúnra rẹ̀ mú ẹni 20 ní gbogbo Nàìjíríà, ẹni 8 kú nínú wọn, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Ọ́kítóbà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ yẹn gbé àwọn tí Ebola ò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá dé ọsibítù, ìròyìn ìgbà náà sì ní ó pa nínú wọn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìròyìn tó bá dá lórí ẹ̀sìn. Nílùú wa yìí, Músùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń bẹ nínú agbolé kan náà, wọ́n jọ ń jẹun ọdún. Fídíò kan tí a ò mọ ọdún tí wọ́n ká a, tí a ò mọ ìlú tó ti wá, lè fi ọjọ́ kan ba ohun tí àwọn bàbá wa tọ́jú jẹ́. Súrà Hujurátì, áyà 6, ní ká ṣèwádìí kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn èèyàn níbi, ká wá máa kábàámọ̀. Ànábì náà sì ní, nínú ìwé hádíìsì Muslim, pé ó tó èèyàn ní irọ́ kí ó máa sọ gbogbo ohun tó bá gbọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín lónìí, ẹ ṣí inú rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ rẹ̀, ẹ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè bi, ẹ jẹ́ kó kú sọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá sì ti fi èyí tí kì í ṣòótọ́ síta, kó má kàn pa á rẹ́ kó dákẹ́. Kó padà sí ojú ìwé WhatsApp tó ti fi í síta, ìbáà jẹ́ ti ẹbí tàbí ti ẹgbẹ́ àdínì, kó sì sọ níbẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo wọn gbọ́.

Bàárákallaahu fiikum.