Omi Ń Dín, Ilẹ̀ Gbẹ: Sílíńdà Wo Ló Ń Mu Ún?

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Búnú, Ìjùmú, Yàgbà, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò wá láti ìlú òkèèrè.

Mọ́tò tẹ́ ẹ rí lẹ́yìn mi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di pọnmi-pọnmi. Lákọ̀ọ́kọ́, ìgò omi kan ló ń gbà láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ìgò kan lójúmọ́. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀ mọ́jú. Ilẹ̀ mọ́, páálí gbẹ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní wọ́tà-pọ́ǹpù ni, mo pààrọ̀ ẹ̀. Èkejì ní rídíétọ̀ ni, mo ra tokunbọ̀. Omi ò yéé dín. Ọjọ́ tó wá gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín Mọ̀pà sí Ìsánlú, tí mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì ń da eruku lù mí, ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ò ní ra kinní kan mọ́ àyàfi tí mo bá fojú ara mi rí ibi tí omi ń wọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnnì bí ilé oníyàrá mẹ́ta. Iná ń jó nínú ọ̀kan, ìyẹn sílíńdà, omi ń gba ọ̀kan kọjá, ọ́ìlì ń gba ìkẹta. Ògiri tó pín wọn níyà ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, àti tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìyẹn irin tó bo orí ẹ̀. Tí ògiri yẹn bá lu níbi tí omi àti iná ti fẹ̀yìn ti ara wọn, omi á máa yọ́ wọ sílíńdà. Tí tọ́ọ̀pù sílíńdà fúnra ẹ̀ bá sán, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ìgbóná ló sì máa ń fa méjèèjì jù: omi ti tán, ẹni tó ń wa mọ́tò ṣì ń sọ pé kóun kàn dé ilé ná.

Èéfín ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń rí. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Láàárọ̀ ọyẹ́, kò sí mọ́tò tí kì í yọ èéfín funfun lẹ́nu sàláńsà. Lítà epo bẹntiróòlù kan tó bá jó, ó máa ń di omi tó tó nǹkan bíi lítà kan. Òtútù ló ń jẹ́ ká rí i, tí sàláńsà bá ti gbóná, á lọ. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni èéfín funfun kíki tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tó ń rùn bíi ṣúgà tó fẹ́ jóná, tó bá jẹ́ kúláǹtì, omi olóògùn tí wọ́n ń ṣe fún rídíétọ̀, lẹ lò. Ẹni tó ń bu omi kànga sí i, tiẹ̀ ò ní rùn rárá. Èéfín tó bá dúdú, epo ló pọ̀ jù. Tó bá jọ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

Àmì kejì: ẹ sítáàtì láàárọ̀, mọ́tò ń gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó rọlẹ̀. Omi ti kán sínú sílíńdà kan mọ́jú, púlọ́ọ̀gì ibẹ̀ ò lè taná.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ yọ irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, pé tí ọ́ìlì ò bá funfun bíi ògì, gásíkẹ́ẹ̀tì dáa. Irọ́ ni. Ọ́ìlì tèmi mọ́ tónítóní títí dópin, torí iná ló ń lá omi yẹn, ẹ̀yìn ni ó ń bá jáde. Ẹni tí kì í rìn ju ilé sí ọjà lọ náà lè rí ìfófòó funfun díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì, kó má sì sí nǹkan kan.

Wàyí o, iṣẹ́ gan-an. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí rídíétọ̀. Omi tó wà níbẹ̀ lè gbóná ju 100°C lọ kó má hó, tẹ́ ẹ bá ṣí i, ojú yín ni. A kún un dé ẹnu. A de pọ́ǹpù tó ní aago tó ń fi agbára atẹ́gùn hàn mọ́ ọn lẹ́nu, a fún un ní atẹ́gùn títí dé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìdérí, ọ̀pọ̀ mọ́tò Jàpáànù máa ń ní nǹkan bíi báà 0.9 tàbí 1.1. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tèmi, mo fi í sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Ọwọ́ aago ti sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ.

Ẹ wá wò ó. Mo yọ fíúùsì pọ́ǹpù epo kí epo má baà fọ́n, mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnnì. Èyí kìíní, èyí kejì àti èyí kẹrin ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́nu. Ẹ súnmọ́ ìkẹta. Funfun bíi eyín ọmọ, ó mọ́ bíi pé wọ́n fi yanrìn fọ̀ ọ́, omi kan sì rọ̀ sí etí ẹ̀. Ooru omi ló ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Mo ní kí ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́, èmi yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ṣe fojú sí ihò yẹn láéláé. Fúú! Sílíńdà kẹta tu omi dé ara bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ parí.

Tẹ́ ò bá rí pọ́ǹpù yẹn yá, ẹ fọwọ́ di họ́ọ̀sì òkè lẹ́yìn tẹ́ ẹ sítáàtì mọ́tò tó tutù. Tó bá le gbọingbọin kí omi tó gbóná rárá, atẹ́gùn iná ti ń wọnú omi. Oògùn búlúù kan tún wà tí wọ́n ń gbé sẹ́nu rídíétọ̀. Bí atẹ́gùn iná bá wà níbẹ̀, á di yẹ́lò. Aago kọ́ńpúrẹ́ṣàn, èyí tó ń wọn bí sílíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó, náà dáa, àmọ́ ihò kékeré lè wà kó má fi í hàn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí mọ́tò bá kọ̀ láti yí láàárọ̀, tó dún kọ̀ tó sì há, ẹ má fi agbára yí i, ẹ má tì í. Omi ò ṣe é fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Pístìnnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà, á kọlu ú, apá tó gbé pístìnnì á tẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun lẹ máa wá.

Nígbà tá a tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, orí pístìnnì mẹ́ta dúdú, ti ìkẹta ń dán. Mẹkáníìkì fẹ́ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i lójú ẹsẹ̀. Mo ní ó tì, ká kọ́kọ́ gbé irin títọ́ lé e ká wò bóyá ó ti tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ò gbà ju nǹkan bíi 0.05 mìlímítà lọ. Ó ti tẹ̀ lóòótọ́, a gbé e lọ fún àwọn tó ń há ojú irin. Bóòtù tuntun la fi dè é, torí èyí tó ti nà kì í dè dáadáa mọ́.

Kúláǹtì tá a fà jáde, inú kẹ́ẹ̀gì la rọ ọ́ sí, torí ó dùn lẹ́nu, ó sì ń pa ẹran. Ewúrẹ́ ìyá arúgbó tó wà lójúlé kejì ti na ọrùn síbẹ̀ kí n tó dé e.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún rèé. Ẹ wo ibi tó jó, láàárín ihò omi àti sílíńdà kẹta. Kò fẹ̀ ju èèpo ẹ̀pà kan lọ.