Dídì Ni Oògùn Egbò Kókósẹ̀

Ẹ káàbọ̀. Bí a ṣe ń fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ tó ní egbò ni ẹ̀kọ́ wa. Ẹ fojú inú wo egbò kan báyìí. Apá inú ẹsẹ̀ ló wà, lókè kókósẹ̀ díẹ̀. Etí rẹ̀ rí wúruwùru, inú rẹ̀ pọ́n, omi ń sun lára rẹ̀, awọ tó yí i ká ti dúdú, ó sì le gbagidi. Ẹni tó ni irú ẹsẹ̀ yìí lè ti máa jókòó ti ọjà ní Odò-Ògbè nílé Ifẹ̀ tàbí ní Atákúnmọ̀sà nílùú Iléṣà fún ogún ọdún. Wọ́n ti tú kápúsù dà sí i, wọ́n ti fi jẹ́ńṣíànì kùn ún, wọ́n ti fi omi gbígbóná jó o. Kò jiná, torí pé kì í ṣe ojú egbò ni àìsàn wà. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wà.

Iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké nínú, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Bí a bá dúró lójú kan, agbára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan yìí lọ́rùn ẹsẹ̀ máa ń tó 90 mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru). Bí a bá ń rìn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun á máa fún iṣan náà bí ẹni fún kànrìnkàn, agbára yẹn á sì rọlẹ̀ dé nǹkan bí 30. Ẹsẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í rí ìrọlẹ̀ yìí. Omi á máa jò sínú ẹran, ẹsẹ̀ á wú, ìfarapa kékeré á sì di egbò. Báńdéèjì tó ń fún ẹsẹ̀ láti ìta ló ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀kùn náà, ìwọ̀n tí a sì ń wá lọ́rùn ẹsẹ̀ ni 40 mmHg.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan báńdéèjì o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ náà. Aláìsàn á sùn gbalaja fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lápá méjèèjì, á sì wọ̀n ọ́n lọ́rùn ẹsẹ̀ pẹ̀lú Doppler, ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ ká gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀. Bí apá tó ga jù bá jẹ́ 140, tí ẹsẹ̀ jẹ́ 126, ẹ pín 126 sí ọ̀nà 140: 0.9 ni. Láti 0.8 dé 1.3, a lè dì í le. Bó bá kéré sí 0.8, kí dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ rí i. Bó bá kéré sí 0.5, báńdéèjì líle lè mú kí ẹsẹ̀ kú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, iṣan rẹ̀ lè ti le, kí nọ́ńbà náà ga lásán, nítorí náà ẹ má gbà á gbọ́ tán. Egbò tó wà níbí yìí kan náà tún máa ń yọ àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lẹ́nu, ó yẹ kí wọ́n yẹ jẹ́nótáìpù wò. Ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nílé Ifẹ̀, tàbí ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Iléṣà, ẹ béèrè ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ.

Omi ẹ̀rọ tó mọ́, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ti tó láti fọ ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tuntun sínú ike kí àìsàn ẹlòmíì má baà wọ̀ ọ́. Ẹ fi fasilíìnì pa awọ tó gbẹ. Hydrogen peroxide tó ń hó yẹn ń pa ẹran tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Ẹ má sì sọ pé kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí egbò kó gbẹ: lọ́dún 1962 ni George Winter fi hàn lára ẹlẹ́dẹ̀ pé awọ tuntun ń yára bo ojú egbò tí a bò tó sì tutù ní bí ìlọ́po méjì ju èyí tó gbẹ tó séèépá lọ.

Ó kan dídì. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbà tó tẹ ilẹ̀. Bó bá nà síwájú, báńdéèjì á ká jọ níwájú ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí aláìsàn bá dìde, á sì gé awọ. Ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó bo gìgísẹ̀, ẹ ó sì dúró níbi tó ku ìbú ìka méjì kó dé orúnkún. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè kókósẹ̀, ńṣe ló ń ti omi sísàlẹ̀: lọ́la, àtẹ́lẹsẹ̀ á ti wú bí búrẹ́dì.

Òwú ni ìpele kìíní. Ẹ má fà á, ẹ kàn máa yí i, kí ìyípo kan máa bo ìdajì èkejì. Ẹ fi kún un níwájú ojúgun àti lẹ́yìn gìgísẹ̀. Bí ọrùn ẹsẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 18 yípo, ẹ fi òwú sí i títí á fi tó. Kírépù (crepe) ni ìkejì, òun ló ń tẹ́ òwú mọ́lẹ̀. Ìkẹta ni báńdéèjì tó ń nà: ẹ fà á dé ìdajì ibi tó lè nà dé, kí ẹ máa gbé e kọjá ara rẹ̀ bíi nọ́ńbà 8. Ìkẹrin ló ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, òun náà ìdajì. Kírépù nìkan, tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Kì í pẹ́ tó fi ń dẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn gbọ́dọ̀ fa ìsàlẹ̀ le ju òkè lọ. Rárá. Ọwọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ fi fà á dókè. Ibi tó tín-ín-rín ni báńdéèjì ti ń fún jù fúnra rẹ̀: ìfà tó fún ọrùn ẹsẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní 40 mmHg, bíi 23 ló máa fún ẹ̀yìn ojúgun tó jẹ́ 35. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí awọ orí egungun ojúgun tó mú ṣóńṣó bó tí a kò bá fi òwú tì í.

Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mejì, torí wíwú ẹsẹ̀ á rọlẹ̀, báńdéèjì á sì já wálẹ̀. Kí aláìsàn máa rìn. Bí ọmọ ìka bá tutù, tó kú tipiri, tí èékánná rẹ̀ dúdú tàbí funfun, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i, kí ó tú u lójú ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ klíníkì.

Ìbọ̀sẹ̀ líle onípele méjì náà ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí VenUS IV nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Àríwá Ireland, tó jáde nínú Lancet lọ́dún 2014, ìdajì àwọn tó wọ ìbọ̀sẹ̀ jiná láàárín ọjọ́ 99, ti báńdéèjì onípele mẹ́rin jẹ́ 98. Àwọn tó pa ìbọ̀sẹ̀ tì láàárín ìwádìí ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ bi aláìsàn bóyá ọwọ́ rẹ̀ lè fà á wọ̀. Lọ́dún 2018, ìwádìí EVRA fi hàn pé bí wọ́n bá tètè dí iṣan tó bàjẹ́ náà pa, tí wọ́n sì tún di ẹsẹ̀, àkókò ìwòsàn á dín láti ọjọ́ 82 sí 56.

Nígbà tí egbò bá sì padé, ilẹ̀kùn iṣan ṣì bàjẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ líle ló kù: wíwọ̀ láàárọ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀, bíbọ́ lálẹ́, títún òmíràn rà láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.