Òṣómàáló Lórí Bẹ́ńṣì Ilé Ìwòsàn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, àti gbogbo ará Iléṣà tó yọjú. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn ló jẹ orúkọ òṣómàáló: wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Lóde òní, ilé ìwòsàn la ti ń lóṣòó.

Mo mú ìyá mi lọ sí kílíníìkì kan rí. Aago mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀. Sálúbàtà, ìgò omi àti bíríkì ti tò ṣáájú wa, àwọn tó ni wọ́n wà níta géètì tí wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Aago mẹ́jọ ni wọ́n kọ sórí káàdì ìyá mi. Aago mẹ́jọ náà ni wọ́n kọ sórí ti gbogbo èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Dókítà kan, aláìsàn 30, ìṣẹ́jú 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbẹ̀yìn á jókòó fún ìṣẹ́jú 290 kó tó wọlé, wákàtí 5 dín ìṣẹ́jú 10. Dókítà tí ẹ̀ ń bú yẹn ò sì sinmi rárá. Ẹni tó kọ aago mẹ́jọ sórí káàdì 30 ló fa ìlà gùn.

Irú ìṣirò yìí ni iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe operations research, ìmọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Lọ́dún 1952, Norman Bailey, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, mú un wọ kílíníìkì. Ó ní kí wọ́n pe èèyàn méjì fún ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn yòókù máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n ìṣẹ́jú tí dókítà sábà ń lò fún ẹnì kan.

Àwa náà ní tiwa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí, ní Iléṣà. Ní kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ, èyí tó bá le ló ń dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìyá ló sì ń tọ́jú káàdì ọmọ rẹ̀ nílé. Ìyá tó mú káàdì dání ò ní tò níwájú fèrèsé rẹ́kọ́ọ̀dù. Káàdì ìwọ̀n ọmọ ni ayé fi ń yin Morley. Tèmi, ìlà tó gé kúrú ni mo fi ń yìn ín.

Èyí tó dùn mí jù ni "kò sí bẹ́ẹ̀dì." Wọ́ọ̀dù tó ní bẹ́ẹ̀dì 40, tí aláìsàn ń lo ọjọ́ 8 níbẹ̀, lè gba èèyàn 5 lójúmọ́. Ẹ ṣáà fi ọjọ́ 8 pín bẹ́ẹ̀dì 40: òfin tí John Little, onímọ̀ operations research ará Amẹ́ríkà, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1961 nìyẹn. Ẹ wá wo màmá kan tí dókítà sọ fún ní Ọjọ́bọ̀ pé kó máa lọ sílé. Bílù ò tíì jáde, ọmọ tó máa sanwó wà l'Ékòó. Màmá ti di ẹrù sínú Ghana-must-go, ó jókòó ti báàgì lórí bẹ́ẹ̀dì títí di Sátidé. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn, ọjọ́ 8 di 10, èèyàn 5 di 4. Ẹnì kan lójúmọ́ là ń dá padà lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbé bẹ́ẹ̀dì kankan lọ. Bẹ́ẹ̀dì 10 tuntun tí ẹ fẹ́ kọ lẹ́tà béèrè, ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, èèyàn 5 lójúmọ́, ló máa dá yín padà sí.

Mátírọ́ọ̀nù kan dìde. "Ọ̀gá, ọkọ̀ Ìmẹ̀sí-Ilé kì í gbéra àfi tó bá kún. Ṣé aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú lẹ fẹ́ kí èrò ibẹ̀ dé?"

Rárá o, Mà. Wákàtí ni kẹ́ ẹ fún wọn, èèyàn 6 sí wákàtí kan: ará Òkèsà ní aago mẹ́jọ, ará Ìbòkun ní mẹ́wàá, ará Ìmẹ̀sí-Ilé ní mọ́kànlá. Ó ní òun á fi kílíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru dán an wò, ṣùgbọ́n kí n fẹsẹ̀ ara mi lọ bá àwọn tó ń kọ káàdì.