Charles McVay àti ọkọ̀ Indianapolis: ẹjọ́ ta ni?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó rì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lé ní 300. Nínú gbogbo àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tí ọ̀tá rì ọkọ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ ológun nítorí rẹ̀. Charles Butler McVay Kẹta lorúkọ rẹ̀.

Ọdún 1898 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ádímírà ni bàbá rẹ̀, òun náà sì jáde nílé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi ní Annapolis lọ́dún 1919. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ Silver Star kí wọ́n tó fa Indianapolis lé e lọ́wọ́ ní November 1944. Ní March 1945, ọkọ̀ òfuurufú Japan kan já lu ọkọ̀ náà nítòsí Okinawa, èèyàn 9 kú, síbẹ̀ McVay wà á délé fún àtúnṣe. Wọ́n fọkàn tán an débi pé, nígbà tó di July, òun ni wọ́n ní kó gbé ẹ̀yà bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n padà jù sí Hiroshima, láti San Francisco dé erékùṣù Tinian. Ọjọ́ 10 ló fi dé ibẹ̀. Wọn ò sọ fún un pé kí ni ẹrù náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kó gba Guam lọ sí Leyte, ní Philippines. Ó béèrè ọkọ̀ alábòò, wọ́n ní kò nílò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì ta á lólobó pé àwọn ọmọ ogun abẹ́ omi Japan ti fọ́ Underhill, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà kan, lágbègbè yẹn ní July 24. Àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó máa rìn kọ́lọkọ̀lọ, ìyẹn ni pé kó máa yà sọ́tùn-ún sósì kó lè ṣòro fún ọ̀tá láti yìn ín, bó bá rí i pé ó yẹ. Ilẹ̀ ṣú, ojú ọ̀run ò mọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ tààrà. Kété lẹ́yìn agogo méjìlá òru, mọ́jú July 30, tọpídò méjì, ìyẹn bọ́ǹbù tó ń sáré lábẹ́ omi, láti inú I-58, ọkọ̀ abẹ́ omi Japan, bà á. Ọkọ̀ tó gùn tó mítà 186, ìṣẹ́jú 12 ló fi wọlé omi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà wá ju èje lọ. Nínú èèyàn 1,195 tó wà lọ́kọ̀, nǹkan bí 300 bá a lọ. Àwọn yòókù ń léfòó, epo dúdú kún ojú àti ọ̀fun wọn. Oòrùn ń jó wọn lọ́sàn-án, òtútù ń mú wọn lóru, ẹja ekurá ń fà wọ́n lọ. Àwọn tí òùngbẹ mú mu omi òkun, orí wọn sì dàrú; wọ́n á láwọn rí ọkọ̀ náà nísàlẹ̀, pé omi mímu wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ lọ.

Ní Leyte, July 31 ni wọ́n ń retí ọkọ̀ yìí. Kò dé, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Ìlànà kan wà tó ní kí wọ́n má máa ròyìn pé ọkọ̀ ogun dé. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì wá kà á sí pé àwọn ò gbọdọ̀ ròyìn pé kò dé pẹ̀lú. Ẹ dákun, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Èèṣì ni wọ́n fi rí wọn. Ní August 2, wáyà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ń yọ awakọ̀ òfuurufú Wilbur Gwinn lẹ́nu. Ibi tó ti ń bá a ṣe wàhálà ló ti wolẹ̀, ló bá rí epo lójú omi. Ó rò pé ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá ni, ó ti ń múra àtiju bọ́ǹbù kó tó rí i pé orí èèyàn ni. Àwọn 316 ló yè é. McVay wà lára wọn.

Ní December 1945, wọ́n fẹ̀sùn méjì kàn án: pé kò rìn kọ́lọkọ̀lọ, àti pé kò tètè ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀. Wọ́n dá a láre lórí ìkejì. Nítorí ti àkọ́kọ́, wọ́n gbé Mochitsura Hashimoto, ọ̀gá I-58 gan-an, wá láti Japan. Ọ̀tá àná di ẹlẹ́rìí! Ó ní bó rìn kọ́lọkọ̀lọ, bí kò rìn, ọwọ́ òun ì bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ṣì dá McVay lẹ́bi. Wọ́n fagi lé ìyà tó yẹ kó jẹ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1949.

Mo gbà pé ọ̀gá ọkọ̀ ló ń dáhùn fún ọkọ̀ rẹ̀. Bí òfin òkun ṣe rí nìyẹn. Àmọ́ àwọn tó kú sójú omi lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì lé ní 500, àwọn tó jókòó ní ọ́fíìsì ló sì yẹ kó dáhùn fún ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn mélòó kan nínú wọn gba lẹ́tà ìbáwí, wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ wọn. McVay ni àwọn ẹbí olóògbé ń kọ̀wé èébú sí, títí kan àsìkò Kérésì. Ní November 1968, ó pa ara rẹ̀ nílé rẹ̀ ní Connecticut.

Àwọn tó bá a la omi já ò jáwọ́. Ọmọ ilé ìwé kan ní Florida, Hunter Scott, mú ọ̀rọ̀ náà fún iṣẹ́ ìtàn, ó kó ẹ̀rí jọ dé iwájú àwọn aṣòfin. Hashimoto náà kọ̀wé sí Sẹ́nétọ̀ John Warner ní 1999 pé kí wọ́n dá orúkọ ọkùnrin náà padà. Ní October 2000, àwọn aṣòfin kéde pé kò yẹ kó jẹ̀bi, Ààrẹ Clinton sì buwọ́ lù ú. Lọ́dún 2001, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi fi ọ̀rọ̀ ìdáláre yìí kún fáìlì rẹ̀. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ológun fúnra rẹ̀, wọn ò wọ́gi lé e.