“Table” Tó Gbé Ọ̀rọ̀ Mi Tì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òru ti jìn ní Houston níbí. Fíríìjì ló ń kùn lẹ́yìn mi yẹn, ẹ bá mi fara dà á.

Ọdún tí mo dé Amẹ́ríkà, mo lọ sípàdé àwa ayálégbé. Mo rojọ́ àtẹ̀gùn ilé wa: gílóòbù ti jó láti oṣù méjì, ọmọ kan sì ti yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Alága mirí, ó ní, “Let's table it.” Inú mi dùn! Òyìnbó ìlú Ọba ni wọ́n kọ́ wa n'Íbàdàn: kéèyàn “table” ọ̀rọ̀ ni pé kó gbé e kalẹ̀, kí gbogbo ilé dá sí i. Mo fa ìwé mi yọ. Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti ń kó àga. Àṣé wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ mi tì ni.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo rí i pé Winston Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, kọ nípa irú ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ “table” ìwé kan kíákíá. Létí àwọn ti Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé kí wọ́n jù ú sínú dúrọ́ọ̀, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Wọ́n jiyàn títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n jọ ń wá!

Òyìnbó yìí ti ń dà mí láàmú láti kékeré, kí n má parọ́. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ní “tables of stone”. Mo wá ń rò ó pé Mósè ru tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí Òkè Sínáì. Bíbélì màmá àgbà ló yọ mí: wàláà òkúta. Wàláà kẹ̀! Irú èyí táwọn ọmọ àdúgbò ń gbé lọ ilé kéú.

Bíbélì yẹn kan náà ní, “Ìwọ tẹ́ tábìlì oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi.” Tẹ́, bí ẹní. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí orí ẹní la ti ń jẹun nílé màmá. Tábìlì wà o, wọ́n da aṣọ funfun bò ó, àtùpà àti Bíbélì ló ni ín. Ta ló jẹ́ gbé àwo ọbẹ̀ débẹ̀?

Ẹ jẹ́ n parí ìtàn àtẹ̀gùn. Nípàdé kejì, n ò sọ “table” rárá. Mo yọ gílóòbù tó jó yẹn nínú báàgì, mo gbé e ka orí tábìlì níwájú alága. Ó wò ó, ó wò mí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iná ti tàn.