Owó tó ń kan nínú àpò: òwò gàrí ìdílé kan n'Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo àpò mẹ́rin tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yìí. Omi funfun tó ń kán lábẹ́ wọn yẹn, owó ni. Bí òórùn rẹ̀ bá gba imú yín, ẹ ti mọ̀ pé ilé onígàrí lẹ wà, lápá Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìyá wa àgbà ló bẹ̀rẹ̀ òwò yìí. Agbada kan, ààrò kan, ẹ̀gẹ́ láti oko ọkọ wọn. Ìwọ̀n tí orí wọn bá lè rù ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà. Kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí báǹkì.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀, àlejò ni. Ilẹ̀ Brazil ló ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e dé etí òkun wa. Nígbà tí àwọn Àgùdà ń ti oko ẹrú ní Brazil padà sí Èkó, láàárín ọdún 1800 sí 1900, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń rin ín, tí wọ́n ń fún un, tí wọ́n ń yan án. Ìjẹ̀bú ò sì jìnnà sí ọ̀sà. Ọmọ Alárè á wá rí ọjà kó gbójú kúrò?

Ohun tó ya gàrí Ìjẹ̀bú sọ́tọ̀ ni ọjọ́. Bí wọ́n bá ti wú ẹ̀gẹ́, kíá ni wọ́n ń bó o, torí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dà á sápò. Níbòmíràn, ó lè dórí iná lọ́jọ́ kejì. Níhìn-ín, ó tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tó fi ń kan. Kì í ṣe torí ẹnu nìkan: májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́, kíkan, fífún àti iná ló ń lé e jáde. Ẹni tó ń yan án á máa fi àfọ́ igbá tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, á máa yí i, títí tí yóò fi máa dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ bí iyanrìn.

Wàhálà òwò náà nìyẹn o. Ẹ̀gẹ́ tútù kílò mẹ́rin sí márùn-ún ló ń di kílò gàrí kan. Ẹ ti sanwó ẹ̀gẹ́, ẹ ti sanwó àwọn tó bó o, owó yín wá sùn sápò. Èésú ni ìyá wa àgbà fi bọ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó èésú, wọ́n á fi ra ẹ̀gẹ́ oko ẹlòmíràn sílẹ̀. Àpò kan ń kan, òmíràn ń jò, òmíràn wà lórí iná. Kò sọ́jọ́ ọjà tí ọwọ́ wọn ṣófo. Bí agbada kan ṣe di mẹ́ta nìyẹn.

Ìyá mi ló ra ẹ̀rọ. Kó tó dé, páànù tí wọ́n fi ìṣó dálu ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìka wọn. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá rin, wọ́n ń sanwó. Lójú tèmi o, ẹ̀rọ yẹn fún wa nísinmi ju gàrí lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá gbé ọjà dé Èkó. Oníbàárà kan ń kánjú, la bá yan án lọ́jọ́ kejì. Àpò mẹ́fà ló padà wálé: “Ẹ̀gbọ́n, gàrí yín ò kan!” Ìyá mi ò jiyàn. Wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú fún olóúnjẹ tó fẹ́ fi tẹbà, wọn ò sì bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ padà wo àwọn àpò wa. Ẹ rí èédú tí wọ́n fi fàlà sí wọn lára? Ìlà kan, ọjọ́ kan. Èyí tó ní ìlà mẹ́rin yẹn, ọ̀la la máa yan án.